Báàjì Kejìdínlọ́gbọ̀n

Pátákó pé, èèyàn ò pé.

Ọ̀rọ̀ tí afinimọ̀nà wa ń tún sọ nìyẹn, bó ṣe ń fi ìka kan àwọn báàjì tó wà lórí ìkọ́ pátákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìkọ́ kan ò ṣófo. Ó kà á láti ọwọ́ òsì, ó kà á láti ọwọ́ ọ̀tún, bí ẹni tó rò pé òǹkà lè yí padà bí wọ́n bá gba ẹ̀yìn yọ sí i.

"Ó pé," ló tún wí. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ó pé."

"Kí lẹ ní ó pé?" Obìnrin tó sọ̀rọ̀ yìí dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin àtẹ̀gùn mú. Láti aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ti ń dúró dè wá níwájú òtẹ́ẹ̀lì. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ló ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, títí tí gbogbo wa fi tán. "Ìyá mi dà?"

Mo padà gun bọ́ọ̀sì. Ìjókòó ìyá rẹ̀ wà ní ìlà tó kángun sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àpò ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àga. Fóònù wà nínú àpò náà, àpótí oògùn pelebe kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Ìborùn aláwọ̀ aró tó dà borí láàárọ̀ wà lórí ẹ̀yìn àga, ní ọ̀gangan ibi tí èèyàn ń gbé orí lé. Ó ká a lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ́ ẹ síbẹ̀.

Gbogbo bọ́ọ̀sì ló mọ̀ ọ́n. Màmá Fèrèsé la sọ ọ́. Kí oòrùn tó yọ dáadáa láàárọ̀ ló ti bá ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn jà nítorí fèrèsé yẹn. Oníkámẹ́rà ní òun lòun kọ́kọ́ jókòó. Màmá ní, "Ọmọ mi, ìwọ ní kámẹ́rà tó máa bá ọ tún un wò tó bá dọ̀la. Ojú lásán lèmi ní, ojú náà sì ti ń ṣú." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, Oníkámẹ́rà sì dìde.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń wá àwọn tó sọnù. Ọ̀gá Dákẹ́ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, torí pé n kì í sọ̀rọ̀ tí mo bá ń ronú. Ìyàwó mi ní n kì í sọ̀rọ̀ tí n kò bá ronú náà. Obìnrin kan sọnù nínú bọ́ọ̀sì tí mo wà, n kò sì mọ ìgbà tó sọnù. Ojú mi là sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ọkàn mi ni kò sí níbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọkàn mi wà. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo gbà fún ìrìn àjò ọjọ́ kan yìí. Nígbà tí afinimọ̀nà bi mí láàárọ̀ pé, "Màdáámù dà?" mo ní, "Wọn ò lè wá." N kò purọ́. Oṣù keje rèé tí mo sin ín. Ọdún mọ́kànlá ló fi tọ́jú ìwé ìpolówó ìrìn àjò yìí sínú dúrọ́ọ̀, ó sì fi bírò yí orúkọ ibi kan ká nínú rẹ̀: ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́. Ọdọọdún la máa ń sọ pé tó bá di ìsinmi. Tó bá sì di ìsinmi, ọmọ ẹnì kan á sọnù, wọ́n á pè mí, màá lọ. Òun á ti ìwé náà padà sínú dúrọ́ọ̀.

Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ náà lọ́sàn-án òní, lẹ́yìn odi àwọn ọmọ ogun àtijọ́ àti ilé ìtẹ̀wé àkọ́kọ́, mo di ìwé yẹn mú. Mo fi báàjì tèmi kọ́rùn, mo mú tirẹ̀ náà sápò, mo sì rin pèpéle ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, díẹ̀díẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yá. Ìrìn yẹn ni mo ń rìn nínú ọkàn mi títí a fi dé òtẹ́ẹ̀lì.

"Nọ́ọ̀sì ni mí," ni ọmọ Màmá wí. Ó ti gùn wọlé, ó sì ti ṣí àpótí oògùn náà. "Hóró tó kù yìí, ti aago mẹ́fà ni. Ọkàn wọn kì í lù dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pẹ́ lo oògùn, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n ṣubú lójú mi. Ìgbà kejì, ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò mọ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká wà níbí ká máa ka pákó."

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà.

*

Sájẹ́ǹtì kan rìn wá láti àgọ́ ọlọ́pàá tó wà lódìkejì títì. Bó ṣe rí mi, ó gbé ọwọ́ síwájú orí.

"Ọ̀gá Dákẹ́! Ẹ̀yin rèé? Wọ́n ní ẹ wà ní ìsinmi."

"Mò ń gbìyànjú."

"Ìsinmi yín náà ń wá iṣẹ́ kiri ni." Ó yíjú sí afinimọ̀nà, ọkùnrin tínrín kan tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ tí ètè rẹ̀ ti gbẹ báyìí. "Ó yá, sọ ọ́."

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, ọ̀gá. Ẹnikẹ́ni tó bá máa sọ̀kalẹ̀, á mú báàjì kan lórí pátákó, á fi kọ́rùn. Tó bá padà wọlé, á dá a padà sórí ìkọ́. Tí ìkọ́ bá ti kún, a lọ. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, mi ò fi èèyàn sílẹ̀ rí."

Mo mú báàjì kan wò. Pákó pupa kékeré ni, okùn wà lára rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ ÀLEJÒ sí i. Kò ní nọ́ńbà. Ọ̀kan ò yàtọ̀ sí ìkejì.

"Nígbà tí ẹ kúrò ní ibùdókọ̀ ojú irin ńkọ́?" ni Sájẹ́ǹtì bi í.

"Ó kún! Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Mo pàtẹ́wọ́, mo ní, 'Àjò kì í dùn kí onílé má relé o, ẹ wọlé ká lọ!' Bí mo ṣe máa ń sọ nìyẹn. Wọ́n wọlé, mo wo pátákó, ó kún."

"Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò dúró níbì kankan mọ́?"

Afinimọ̀nà wo dírẹ́bà. Dírẹ́bà wo bàtà ara rẹ̀.

"Ilé epo tó wà lẹ́bàá odò," ni dírẹ́bà wí. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn kan fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀."

"Ẹ pín báàjì níbẹ̀?"

"Rárá," ni afinimọ̀nà dáhùn. "Ibẹ̀ kì í ṣe ibi àfihàn. Ilé epo ni."

"Ó ti parí!" Sájẹ́ǹtì pa ìwé rẹ̀ dé. "Ó wọ bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀, pátákó jẹ́rìí. Ó sọ̀kalẹ̀ ní ilé epo, kò sí pátákó tó lè jẹ́rìí. Ẹ̀yìn ilé epo yẹn, odò ni."

Ọmọ Màmá kígbe kan, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó kọjú sí dírẹ́bà. "Ẹ̀yin ò sì wẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó wa ọkọ̀?"

"Àǹtí, ẹ má kó ọ̀ràn sí mi lọ́rùn o. Iwájú ni wọ́n sanwó fún mi láti máa wò."

"Ẹ dúró ná! Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi." Oníkámẹ́rà ti padà wá sáàárín wa, ó na kámẹ́rà rẹ̀ síwájú bí ẹni gbé oúnjẹ wá. "Mo ya bọ́ọ̀sì yìí ní ilé epo. Ẹ wo fèrèsé tó kángun sẹ́yìn. Màmá nìyẹn! Orí wọn nìyẹn, pẹ̀lú ìborùn wọn. Lóòótọ́ ni wọ́n gba fèrèsé mi, àmọ́ ó dùn mí o."

Gbogbo wa tẹ̀ mọ́ fọ́tò náà. Lóòótọ́, aró wà níbẹ̀, ní gíga orí èèyàn, lẹ́yìn gíláàsì. Sájẹ́ǹtì ti ń pe àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi lórí fóònù.

Kọ́tìnnì ni mo ń wò ní tèmi.

"Dírẹ́bà," ni mo wí, "ta ló máa ń fa kọ́tìnnì?"

"Èmi ni, Ọ̀gá. Tí wọ́n bá ti sọ̀kalẹ̀ níbi àfihàn, mo máa ń fa gbogbo ti ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn wà dé ìdajì, kí àga má baà gbóná. Tí wọ́n bá padà, kálukú á ṣí tiẹ̀."

"O fà á ní ibùdókọ̀?"

"Mo fà á."

"Ẹ tún fọ́tò wò. Gbogbo kọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ti ṣí. Ẹyọ kan péré ni wọ́n fà dé ìdajì síbẹ̀." Mo na ìka sí i. "Obìnrin tó bá èèyàn jà nítorí fèrèsé láàárọ̀, ó padà wọlé, ó jókòó, ó wá fi kọ́tìnnì sílẹ̀ ní títì?"

"Bóyá oorun ló ń kùn ún," ni Oníkámẹ́rà wí.

"Ẹ lọ wo ẹ̀yìn àga rẹ̀. Ìborùn náà ò kúrò níbi tó wà nínú fọ́tò. Aṣọ lẹ yà, ẹ ò ya orí."

Sájẹ́ǹtì gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà. "Ọ̀gá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀ ń sọ pé Màmá ò wọ bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀. Báàjì méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà lórí pátákó. Tí kò bá wọlé, ta ló bá a gbé tiẹ̀ kọ́?"

Ibẹ̀ ni èmi náà ti há. Mo dákẹ́. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ẹnì kan lè bá a gbé e kọ́, àmọ́ ta ni, nítorí kí ni? Àgbàlagbà tó dá wá, tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú bọ́ọ̀sì, tí kò ní ohun tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ ṣe é ní ibi. Mo mú ọ̀rọ̀ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bí ìyàwó mi ṣe máa ń tú òwú tó bá takókó: kì í fa orí rẹ̀, ìdí rẹ̀ ló máa ń wá.

"Afinimọ̀nà, ẹ fi ìgbà tí a wọlé sílẹ̀. Ẹ sọ ìgbà tí a sọ̀kalẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn tí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ yẹn, báàjì mélòó ló kù lórí pátákó?"

"Ẹyọ kan, Ọ̀gá." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ dójú tì mí. "Bó ṣe wà láti àárọ̀. Ti Màdáámù yín."

Mo ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò mi. Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́, mo ti dá méjèèjì padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ ìka mi jáde, èérún ọ̀dà pupa kan lẹ̀ mọ́ ọn.

"Kì í ṣe ti ìyàwó mi," ni mo wí. "Ti ìyàwó mi wà lápò mi."

*

Ó nira fún mi láti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n aago ń lọ.

"Ní odi àwọn ọmọ ogun àti ní ilé ìtẹ̀wé, mo fi báàjì rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìkọ́. Ẹyọ kan tí ẹ rí níbi méjèèjì, tirẹ̀ ni. Ní ibùdókọ̀, mo mú un dání. Ó yẹ kí pátákó ṣófo pátápátá. Tí ẹyọ kan bá kù síbẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan sọ̀kalẹ̀ láì mú báàjì. Nígbà tí a padà wọlé, mo gbé méjì kọ́. Ìkọ́ kún, ẹ sì rò pé èèyàn pé."

Sájẹ́ǹtì fi ìka kà á fún ara rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á tán. "Ẹ mú báàjì ẹni tí kò bá yín wá? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Mo fa ìwé ìpolówó náà yọ, mo wò ó.

"Sájẹ́ǹtì," ni ọmọ Màmá wí jẹ́jẹ́, "ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Afinimọ̀nà jókòó sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì. Ojú rẹ̀ ti yí padà; ọdún mẹ́sàn-án rẹ̀ ló ń wò. "Ká ní ẹ fi í sílẹ̀ ni, Ọ̀gá, méjì ni mi ò bá rí. Mi ò bá ti pariwo."

"Mo mọ̀." Mo mọ̀ ju bó ṣe mọ̀ lọ. Àárò tèmi ló bo Màmá Fèrèsé mọ́lẹ̀. "Níbi méjì àkọ́kọ́, ó mú báàjì?"

"Wọ́n mú un. Wọ́n tiẹ̀ ní okùn rẹ̀ ń họ àwọn lọ́rùn."

"Ó ti bá yín rìn rí ṣáájú òní?"

"Ìgbà kẹrin wọn rèé lóṣù yìí, Ọ̀gá! Wọ́n mọ ìtàn náà jù mí lọ."

Ọmọ Màmá gbé orí sókè. "Ìgbà kẹrin kẹ̀? Tòní nìkan ni mo mọ̀. Àwọn ìgbà yòókù, wọ́n ní ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ àwọn ni àwọn ń lọ."

"Ní ibùdókọ̀, láwọn ìgbà mẹ́ta tó ti kọjá, wọ́n mú báàjì?" ni mo bi afinimọ̀nà.

Ó ronú. "Wọ́n mú un... Ọwọ́ ni wọ́n fi dì í mú. Wọn ò fi kọ́rùn. Ibẹ̀ nìkan. Wọ́n sì máa ń bẹ̀ mí pé ká jọ̀ọ́, ká dúró di aago mẹ́fà. Mo ní, Màmá, wọ́n ń ti géètì ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ìlànà ni."

"Àǹtí, níbo ni wọ́n ti bí wọn?"

"Wọn ò dárúkọ ibẹ̀ fún wa rí. 'Etí ọ̀nà irin' ni wọ́n máa ń..." Ó dúró. Ó wo pátákó, gbogbo àwọn pákó pupa wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà lára gbogbo wọn.

"Ẹni tó ń lọ sílé ara rẹ̀," ni mo wí, "kò ní kọ́ ÀLEJÒ sọ́rùn."

Sájẹ́ǹtì mi orí. "Ó dùn-ún gbọ́. Tí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Odò ni mò ń lọ ní tèmi. Omi ò ní dúró de àlàyé."

Ó lọ. Ọmọ Màmá dúró sáàárín títì, àpótí oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Hóró kan, ibi méjì, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún mi, "tí ẹ bá ṣì í, wọ́n á kú."

"Àwọn tí wọ́n bá jí gbé máa ń já nǹkan sílẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ sá lọ máa ń gbé àpò wọn. Ìyá yín ká ìborùn lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ padà wá ló ń ká aṣọ."

"Oògùn wọn wá ńkọ́? Wọn kì í fi oògùn sílẹ̀!"

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀?"

"Wọ́n ní mẹ́jọ."

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í lo oògùn ọkàn."

Ó wò mí títí. Ó gun bọ́ọ̀sì.

*

Dírẹ́bà fi gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ wa ọkọ̀. A kọjá ilé epo. Ọmọ Màmá wo àwọn ọkùnrin tó ń ti ọkọ̀ ojú omi wọ odò, ó sì yí ojú kúrò. Mo jókòó ti afinimọ̀nà.

"Ilé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, mélòó ni?"

"Mẹ́jọ, ní ìlà kan. Àkọ́kọ́ nìkan là ń ṣí fún àlejò."

"Èwo ni Màmá máa ń dúró sí?"

"Èyí tó kẹ́yìn, tí wọn kì í ṣí. Àwọn ìlà kan wà lára òpó ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà, ọ̀kan lórí ìkejì. Nínú ìwé tí wọ́n fún mi, wọ́n ní iye ọkọ̀ tó ń kọjá ni àwọn òṣìṣẹ́ ń kà síbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀, Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, 'Ọkọ̀ wo ló ń ga sí i lọ́dọọdún?'"

"Kí lẹ rò pé wọ́n ń sọ?"

"Mo rò pé àgbà ló ń ṣe wọ́n." Mo rí i tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń dé bá a, bí ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ yàrá. "Yéè. Gíga ọmọ ni wọ́n ń wọ̀n."

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé èmi náà ti rí i lọ́sàn-án. Láti orí pèpéle, mo rí obìnrin arúgbó kan tó tẹ̀ ba lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹyìn, tó fi àtẹ́lẹwọ́ kan òpó náà ní ọ̀gangan orúnkún. Mo rí i, mo sì kọjá lọ, èmi àti báàjì méjì.

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méje ni a dé ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ náà ò fẹ́ ṣí i.

"Mo ti yí gbogbo ibí po lẹ́ẹ̀mejì," ló wí. "Kò sí àlejò kankan tó kù níbí."

"Òótọ́ lẹ sọ," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ ṣáà ṣí i."

Àgádágodo ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹyìn, ìpẹtà ti mú un. Mo gba ẹ̀yìn yípo. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ṣeé ti sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí èèyàn bá tì í, ọwọ́ kékeré lè wọ inú lọ gbé ìdábùú ilẹ̀kùn. Ẹnì kan ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣí!" ni ẹ̀ṣọ́ wí. "Láti ìgbà tí mo ti wà níbí!"

"Ó ń ṣí fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n."

Màmá Fèrèsé jókòó sórí àpótí kan nínú yàrá òfìfo, ó kọjú sí fèrèsé tó wà lọ́nà ibi tí irin gbà kọjá. Kò yíjú padà.

"Ẹ rọra," ló wí. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin."

"Mọ́ọ̀mì!" Ọmọ rẹ̀ ti kúnlẹ̀ tì í. Ó fi oògùn sí i lẹ́nu. Màmá gbé e mì láìsí omi, kíá, bí ọmọdé tó ń gbé oúnjẹ mì kí wọ́n lè jẹ́ kó padà sídìí eré. Ọmọ rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. "Ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ̀yin, ẹ fẹ́ pa mí?"

"Mo rò pé màá ní kí ẹ̀ṣọ́ bá mi pe takisí tó bá yá. Mo gbàgbé oògùn náà ni, má bínú."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ọjọ́ Sátidé lẹ máa kó mi lọ sọ́dọ̀ yín. Kì í ṣe pé mo kọ̀ o. Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá ní, Mọ́ọ̀mì, ẹ sinmi, kò sí ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ mọ́." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìta. Koríko ti hù láàárín irin méjèèjì. "Mo mọ̀ pé kò sí. Bàbá mi ló máa ń fi ṣọ́bìrì bu èédú sínú iná ọkọ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ wọn ń kọjá. Ìyá mi á gbé mi sí fèrèsé yìí. Bàbá mi á gbé ṣọ́bìrì náà sókè sí mi, iná á ràn lára rẹ̀ yòò! Ìgbà tí mo wá ga tó fèrèsé fúnra mi, ọkọ̀ bàbá mi dà wó lójú ọ̀nà, wọn ò sì padà wálé mọ́. Wọ́n ní ká kó jáde nílé ìjọba." Ó nu ojú rẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí mo bá wá, aago mẹ́rin ni wọ́n ń lé mi. Kí ni mo fẹ́ fi aago mẹ́rin ṣe?"

Ẹ̀ṣọ́ bọ́ fìlà. Afinimọ̀nà, tí mo ti gbọ́ tó sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́sàn-án lónìí, dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn láì sọ nǹkan kan.

Aago mẹ́fà lù lọ́wọ́ mi. Nǹkan kan ò kọjá. Ẹyẹ kan fò kúrò lórí okùn iná. Lẹ́yìn náà, oòrùn tó ń wọ̀ bọ́ sábẹ́ ìkùukùu, ó kan irin tó jìnnà jù lọ, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń bọ̀ lórí irin, ó ń bọ̀, ó ń yára, pupa bí iná ààrò, títí ó fi dé ọ̀gangan fèrèsé, tó sì kọjá.

Màmá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó jù ú. Ọmọ rẹ̀ náà gbé tirẹ̀ sókè. Èmi, ìwé ìpolówó kan ni mo ní lọ́wọ́. Òun náà ni mo gbé sókè.

*

Ní ẹnu bọ́ọ̀sì, afinimọ̀nà mú pátákó dání, ó wò ó, ó sì gbé e sí abẹ́ àga. Ó tẹ̀lé wa wọ inú bọ́ọ̀sì òfìfo náà, ó sì ń na ìka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ Màmá, ọ̀kan. Ọ̀gá, méjì." Ìka rẹ̀ dé ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi, níbi fèrèsé, ó sì dúró lófuurufú. Ó wò mí.

Màmá Fèrèsé ń ti ẹ̀yìn bọ̀ láàárín àga, ó ti gbé ìborùn rẹ̀ sí èjìká. Ó dúró tì mí.

"Ẹnì kan wà níbẹ̀ yẹn?"

Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lọ́nà fún ìjókòó yẹn. Mo wo fèrèsé náà. Mo wo ojú arúgbó náà, tó ti ń ṣú lóòótọ́.

"Kò sí, Màmá," ni mo wí, mo sì dìde fún un. "Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé."

"Mẹ́ta," ni afinimọ̀nà kà, jẹ́jẹ́. Ó pàtẹ́wọ́, bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́ ọn lára. "Àjò kì í dùn kí..."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́," ni Màmá wí, ó ń ṣí kọ́tìnnì. "Mo ti relé ná. Ó kù kẹ́ ẹ gbé mi lọ àjò."